Ẹnìkan Kì Í Báni Kúnlẹ̀ Yan Orí: Ìrònú Lórí Obìnrin Nínú Ìgbìmọ̀ Ìlú

Àwọn àgbà tí wọ́n fi ìgbàgbọ́ lé wa lọ́wọ́ sọ pé kí ọmọ ènìyàn tó di ará ayé, yóò kọ́kọ́ yà ní ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí fún gbogbo ẹ̀dá. Níbẹ̀ ni yóò ti yan èyí tí ó wù ú, tí yóò gbé e dé iwájú Olódùmarè, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì gba àṣẹ lórí iṣẹ́ tí ó ń bọ̀ wá ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ìtàn náà mẹ́nu kàn, Oríseékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, jọ rìn ni, wọn kò jọ yàn. Olúkúlùkù wọn ni ó na ọwọ́ sí orí tirẹ̀, tí ó sì dá ru ohun tí ó yàn wọ ilé ayé. A kò gbọ́ ọ rí, ìbáà ṣe láti ẹnu babaláwo tàbí láti ẹnu arókin, pé ọkọ bá aya rẹ̀ kúnlẹ̀, tàbí pé baba bá ọmọbìnrin rẹ̀ yan orí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí gbogbo ìlú tí ó ní ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀: ẹni tí ó dá kúnlẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá, tí Ẹlẹ́dàá sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀tọ́ wo ni ó wà lọ́wọ́ wa láti wí fún un pé kí ó lọ wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn?

Ìlú kan wà tí ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàkúrọ̀sọ lásán níbẹ̀. Àjàṣẹ́ ni, tí àwọn Gùn ń pè ní Xọ̀gbónù, tí àwọn Potogí tí ń tọ etí òkun ṣòwò sì sọ ní Porto-Novo. Àjàṣẹ́ tí àwọn ọdẹ Yorùbá tẹ Akòrò dó nínú rẹ̀, tí ọba Tòfá jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀ títí di ọdún 1908. Ìlú ẹlẹ́sìn mẹ́ta, níbi tí ilé vodun, ilé ìsìn Àgùdà, àti mọ́ṣáláṣí ńlá tí a kọ́ ní ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì Bùràsíìlì, ti ń gbọ́ ohùn ara wọn. Òun ni olú-ìlú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti ń jókòó, nínú ààfin tí àwọn gómìnà Faransé ti ń pàṣẹ nígbà kan, nígbà tí wọ́n ń ṣe olórí wa láìgba ìmọ̀ràn wa. Sínú ààfin yìí ni obìnrin kan ti wọlé sáà lé sáà, tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, tí àwọn ènìyàn sì bá jà, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Rosine Vieyra Soglo ni orúkọ rẹ̀, ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi yẹ ìbéèrè mi wò, nítorí pé ìgbàgbọ́ tí a kò bá fi ìgbésí ayé ènìyàn dán wò, ẹnu lásán ni.

A bí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1934 ní Ouidah, ìlú etí òkun tí àìmọye ẹrú ti gba ibẹ̀ kọjá lọ, tí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sì padà bọ̀ láti Bùràsíìlì pẹ̀lú orúkọ Potogí lórí. Orúkọ Àgùdà bẹ́ẹ̀ ni Vieyra: orúkọ ìran tí òkun gbé lọ tí òkun kò sì lè gbé mì. Ó kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó sì di aya Nicéphore Soglo ní ọdún 1958, nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí òfin tuntun kan fún gbogbo àgbàlagbà ilẹ̀ wa, ọkùnrin àti obìnrin, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ó ti dàgbà kí òfin tó ka ohùn gbogbo obìnrin sí ohùn. Ó sì pẹ́ láyé tó láti rí òmìnira ọdún 1960, láti rí bí ológun kan, Kérékou, ti fi ìbọn gba ìjọba ní ọdún 1972, àti láti rí àpérò ńlá ti oṣù Kejì ọdún 1990, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀, nínú èyí tí orílẹ̀-èdè kan ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ológun láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àpérò yẹn ni ó gbé ọkọ rẹ̀ dé ipò olórí ìjọba, ní oṣù Kẹrin ọdún 1991 ó sì di Ààrẹ.

Ohun tí ayé ń retí lọ́wọ́ aya Ààrẹ kò ṣòro láti mọ̀: kí ó wọṣọ, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó bẹ àwọn ọmọ aláìsàn wò, kí ó sì dákẹ́. Rosine ṣe iṣẹ́ àánú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ó pè ní Vidolé, ṣùgbọ́n dídákẹ́ ni kò ṣe. Ní ọdún 1992 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, La Renaissance du Bénin, ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá di olórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí òǹkàwé dúró díẹ̀ kí ó wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ìyàwó ni ó kọ́ ilé, ọkọ ni ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 1996, tí àwọn ará ìlú gba ipò lọ́wọ́ Soglo tí wọ́n dá a padà fún Kérékou, gbogbo ẹni tí ó rò pé òjìji ọkọ ni obìnrin yìí fi ń rìn ń retí kí ó pòórá. Kò pòórá. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò lọ, ó sì di aṣòfin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ẹnu tí ó mú bí abẹ, tí kò fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún Ààrẹ tàbí fún olórí ẹgbẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, àwọn aṣòfin 83 péjọ sí Àjàṣẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ sáà keje. Òfin ilé náà ni pé ẹni tí ó dàgbà jù lọ nínú wọn ni yóò jókòó sí ìjókòó alága títí wọn yóò fi yan olórí, Rosine Soglo ni ó sì dàgbà jù, ẹni ọdún 81. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n dìbò yan olórí, Adrien Houngbédji ní ohùn 42, Komi Koutché ní ohùn 41. Ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn. Ìwọ tí o ń ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé ohùn ẹnìkan kò jẹ́ nǹkan kan nínú ìgbìmọ̀, rántí ọjọ́ yẹn. Kí o sì rántí pé kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè fi mọ̀ ṣáájú, nínú gbogbo àwọn tí a ń pa ohùn wọn mọ́ wọn lẹ́nu, ẹni tí ohùn rẹ̀ ìbá jẹ́ ohùn kan náà.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé yóò dìde ni pé agbára tí obìnrin yìí ní, ọwọ́ ọkọ ni ó ti yá a. Àwọn tí ó ń wí bẹ́ẹ̀ kì í bi ọkùnrin ní irú ìbéèrè yìí. Ta ni nínú àwọn ọkùnrin ilé aṣòfin tí kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnìkan, orúkọ lọ́wọ́ baba, owó lọ́wọ́ àna, ìmọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìlú rẹ̀? Ibi tí orí bá gbé ni dé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lè wà nínú ọ̀nà náà. Ọ̀nà kọ́ ni orí. Ìdánwò tòótọ́ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ẹni tí ó yá a ní àtẹ̀gùn bá ti ṣubú, àti pé ní ti èyí, ìtàn ti dáhùn: ọdún márùn-ún ni ọkọ rẹ̀ fi wà ní ipò Ààrẹ, ọdún tí òun lò lẹ́nu òṣèlú lẹ́yìn náà sì ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà lórí oyè ni àwọn alátakò ti ń ké pé ìdílé kan ń fi orílẹ̀-èdè ṣe ogún ilé, pé ọkọ jẹ́ Ààrẹ, pé ìyàwó ni ó ni ẹgbẹ́, pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó jẹ́ mínísítà. Nígbà tí ó sì tún pẹ́, ọmọ rẹ̀, Léhady, bọ́ sí ipò olórí ẹgbẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sì yà lọ. Ẹ̀sùn yìí wúwo, n kò sì rò pé ó yẹ kí a gbé e fò nítorí pé obìnrin ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, níhìn-ín gan-an ni ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò lè jẹ̀bi kò lè jàre. Bí a bá sọ pé ohun rere tí obìnrin ṣe, ọkọ rẹ̀ ni ó ṣe é, a ó ní láti sọ pé àṣìṣe rẹ̀ náà, ọkọ rẹ̀ ni ó ni ín, obìnrin náà yóò sì dà bí ẹni tí kò wá sáyé rárá. Ẹni tí ó dá kúnlẹ̀ ni ó ń dá jíyìn. Nígbà tí mo bá sọ pé Rosine Soglo jẹ̀bi nínú bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ti ìdílé, ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un, nítorí pé mò ń kà á mọ́ àwọn tí orí wọn jẹ́ tiwọn.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó fi ẹ̀sìn àwọn baba wa ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan yóò ní, ṣé ẹ kò gbọ́ pé bí obìnrin bá mọ orò, orò a gbé e? Ṣé ẹ kò rí i pé bí Zangbeto, awo àwọn Gùn, bá jáde lóru ní Àjàṣẹ́, ó ní ohun tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí? Mo gbọ́, n kò sì ní fi ẹnu yẹpẹrẹ èèwọ̀ àwọn baba mi. Ṣùgbọ́n ààlà tí a pa yí awo kan ká ni èèwọ̀, kì í ṣe ògiri tí a mọ yí gbogbo ayé ká. Awo ni orò, òfin kì í ṣe awo. Ìta gbangba ni a ń ka òfin sí, ẹni gbogbo ni ó sì ń dè. Àwọn baba kan náà tí wọ́n ka orò léèwọ̀ fún obìnrin ni wọ́n fi Erelú sínú ìgbìmọ̀ Ògbóni, tí wọ́n sì jẹ Tinúbú ní Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Nígbà tí Nàìjíríà sì gba òmìnira ní ọdún 1960, obìnrin Yorùbá kan ni ó kọ́kọ́ jókòó láàárín àwọn sẹ́nétọ̀ rẹ̀, Wúràọlá Ẹ̀ṣan, ẹni tí Ìbàdàn wá fi jẹ Ìyálóde lẹ́yìn náà.

Ní Àgbómè ẹ̀wẹ̀, olú-ìlú ìjọba Dáhómè, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjòyè ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní obìnrin kan nínú ààfin tí a ń pè ní ìyá rẹ̀. Bí ìjòyè náà bá wá jíyìn fún ọba, obìnrin yìí yóò wà níbẹ̀, yóò máa gbọ́, yóò sì fi í sọ́kàn, kí ìjòyè má baà yí ohùn padà lọ́la. Ìyá ọba, tí wọ́n ń pè ní Kpojito, ní ipò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. N kò sọ pé ọwọ́ ìjọba yẹn mọ́: àwọn Kétu tí ogun Dáhómè fọ́ ìlú wọn ní ọdún 1886 mọ bí ó ti rí lára, a kò sì gbàgbé iye ẹ̀dá tí ó tà fún òkun. Obìnrin tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ kò sọ ìgbìmọ̀ ìkà di rere. Ohun tí mo ń fi èyí hàn ni pé ẹni tí ó bá sọ pé àṣà ilẹ̀ wa ni kí obìnrin máa dúró lẹ́yìn ògiri nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn ìlú, àṣà tí ó ń wí náà kò dàgbà tó àṣà wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba ẹnu ọ̀nà ìsìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Àjàṣẹ́ wọlé. Ifá sọ nípa Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn irúnmọlẹ̀ tí Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe: àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù kò pè é sí ìgbìmọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì gún, òjò tí wọ́n bẹ̀ kò rọ̀, ẹbọ tí wọ́n rú kò fín. Nígbà tí wọ́n gòkè lọ ṣàròyé, Olódùmarè kò bá wọn wá oògùn; ohun tí ó bi wọ́n ni bóyá wọ́n pe obìnrin àárín wọn. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tí ó sọ pé àwọn mẹ́rìndínlógún náà gọ̀, tàbí pé wọ́n jalè. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n jókòó láìpé lọ. Bíbélì sọ nípa Dèbórà, tí ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀pẹ, tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń gòkè tọ̀ ọ́ wá fún ìdájọ́. Ìyàwó ilé ni, ìwé náà dárúkọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti ní kí ọkọ bá a dájọ́. Àlùkùránì ní súrà kan, ìkejìdínlọ́gọ́ta, tí a fi orúkọ obìnrin tí ń jiyàn pè, ẹni tí ó gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ wá bá Ànábì, tí ìfihàn sì sọ̀ kalẹ̀ pé Ọlọ́run ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí: Ẹni tí ó dá obìnrin gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Bí Ọlọ́run kò bá béèrè agbẹnusọ lọ́wọ́ rẹ̀, ènìyàn tí ó bá béèrè rẹ̀ ń gbéra ga ju Ọlọ́run lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀run. Ní ọdún 2002 ni àwọn aṣòfin Àjàṣẹ́ gbé òfin ènìyàn àti ìdílé kalẹ̀, òfin tí ó sọ bí a ó ti gbéyàwó, bí a ó ti tú u ká, àti ẹni tí yóò jogún. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè, tí obìnrin kan, Conceptia Ouinsou, jẹ́ olórí rẹ̀, dá a padà, ó ní kò bá òfin mu kí ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ìyàwó púpọ̀ kí obìnrin máà ní irú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó sì di òfin ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa òfin náà, kò sí yàrá obìnrin kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí kò wọ̀. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tí ó jókòó láàárín àwọn 83 tí ń ṣe é kò tó mẹ́wàá. Àwọn tí a kò pè sí ìgbìmọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń jókòó lé lórí.

Nítorí èyí ni wọ́n fi yí òfin padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ilé tí a dìbò yàn ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kò ní ju obìnrin 6 lọ nínú 83. Òfin tuntun sọ ìjókòó di 109, ó sì ya 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, èyí tí a kọ́kọ́ lò nínú ìdìbò ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2023. Rosine Soglo kò rí i. Ó ti kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2021, ní ẹni ọdún 87. Àwọn kan ní àánú ni a fi ìjókòó wọ̀nyí ṣe. Èmi kò gbà. Bí a bá gba nǹkan ẹni fún ìgbà pípẹ́, tí a wá dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, gbèsè ni a san, ẹni tí a san gbèsè fún kì í sì í dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ọrẹ. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí n kò lè ṣàì sọ. Orúkọ tí ẹgbẹ́ bá kọ sínú ìwé ni àwọn ènìyàn ń dìbò fún. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí obìnrin bọ́ lábẹ́ ọkọ kí ó lọ bọ́ sábẹ́ olórí ẹgbẹ́, kí ó jókòó kí ó máa gbé ọwọ́ sókè nígbà tí wọ́n bá ní kí ó gbé e. Ìjókòó kì í ṣe ohùn. Ẹni tí ẹgbẹ́ fi sórí àga kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹgbẹ́ kọ́ ni ó bá a kúnlẹ̀.

Wọ́n dá iṣẹ́ ilé tuntun kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ fún àwọn aṣòfin, èyí tí Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ya àwòrán rẹ̀ bí igi ńlá tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti gbèrò. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá jókòó sábẹ́ igi ni yóò sọ bóyá ìgbìmọ̀ ni tàbí ibòji lásán.

Ìdájọ́ mi ni pé ìlú tí ó bá pa ohùn obìnrin mọ́ ọn lẹ́nu kò ṣẹ obìnrin nìkan. Ó ṣẹ Ẹni tí ó gba àkúnlẹ̀yàn obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì fi àṣẹ sí i. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe sọ fún ọmọbìnrin yín pé òṣèlú kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, nítorí ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ń yan iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ wá obìnrin tí ó lè kọ̀ fún yín, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ síwájú. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti wọlé, tí ẹ sì ń bọ̀ wá wọlé, ẹ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ara yín, bí ẹ bá sì ṣe rere, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Àti ìwọ òǹkàwé, nígbà tí ìdìbò bá tún dé, máa bi olúkúlùkù wọn, ọkùnrin àti obìnrin, ní ìbéèrè kan náà: kí ni ìwọ fúnra rẹ gbà ní àṣẹ láti wá ṣe? Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, má ṣe dìbò fún un.